Òǹkà BMI: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀, Àti Ibi Tí Àwa Fúnra Wa Ti Ṣì Í Ṣírò



Ọ̀rọ̀ ìlera tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí, ìṣirò wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ la ó fi ṣáájú.

Àwọn tó wà ní àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí a gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí á rántí. A lẹ téèpù mọ́ ògiri, a ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí ara òun ṣe rí wá dúró. Ènìyàn 67 ló tò. A wọn bí wọ́n ṣe ga tó, a wọn bí wọ́n ṣe wúwo tó, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, a sì fún olúkúlùkù ní káàdì kékeré kan tí a kọ òǹkà rẹ̀ sí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní BMI. Ohun tí òǹkà náà ń sọ ni bí ara ènìyàn ṣe wúwo tó sí bí ó ṣe ga tó. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. A rò pé a ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìyá kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. A ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Kí lẹ sọ fún ọmọ mi tí kò fi jẹun mọ́?"

Káàdì ọmọ náà sọ pé BMI rẹ̀ jẹ́ 32.1, ìyẹn ni pé ó ti sanra kọjá ààlà. Ẹni tó bá fojú rí i á mọ̀ pé ó kàn ga ni, ara rẹ̀ sì le, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀, ta ló fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jiyàn? Ó fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, ó fi ti ọ̀sán tẹ̀ lé e. Ó ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, èyí tó dára, ṣùgbọ́n dàbínù mẹ́ta àti omi ló fi ń ṣínu, ó parí. Lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, òòyì kọ́ ọ lórí àkàbà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

A gba káàdì náà, a fi ọwọ́ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. BMI ọmọ yìí kì í ṣe 32.1. 24.1 ni. Kò sanra jù rárá. Àwa la ṣì í ṣírò. A ti bẹ òun àti ìyá rẹ̀. A tún ń lo àǹfààní yìí láti bẹ àwọn yòókù, nítorí káàdì tirẹ̀ nìkan kọ́ ló ní àṣìṣe nínú.

Ibi tí àṣìṣe náà gbà wọlé

Gíga ọmọ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 11. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ ní Èkó la ṣe kọ ọ́: 5.11. Kọ̀ǹpútà kò mọ àṣà wa. Ó ka 5.11 sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ìdá kan péré nínú mẹ́wàá, ó sì sọ ọ́ di mítà 1.56. Bẹ́ẹ̀, íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, kì í ṣe 10. Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ íǹṣì 60. Ẹ fi 11 lé e, ó di 71. Íǹṣì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ọ̀nà 2.54 nínú 71 jẹ́ 180, ìyẹn mítà 1.80. A ti gé ọmọ ọlọ́mọ kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 24, a wá ní ó sanra.

Àwọn tí wọ́n ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 10 wà nínú ewu kan náà, torí pé 5.10 àti 5.1 kò yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ní ti àwọn tí íǹṣì tiwọn jẹ́ 6, 7, 8 tàbí 9, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: a fi kún gíga wọn. Arákùnrin wa kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9, ó wúwo ní kílò 80. Káàdì rẹ̀ sọ pé 24.7, ó sì ti fi yangàn fún ìyàwó rẹ̀. Òǹkà rẹ̀ gan-an jẹ́ 26.1. (Ìyàwó náà ti gbọ́.) Àwọn tí íǹṣì tiwọn jẹ́ 1 tàbí 2 ni nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tí wọ́n ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 géérégé.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni kó tó bá yín ṣírò tiyín. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ohun méjì la nílò: bí ènìyàn ṣe wúwo tó ní kílò, àti bí ó ṣe ga tó ní mítà. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá tọ́, òfo ni ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ líle tó tẹ́jú la ń gbé e sí. Bí a bá gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní, kò ní sọ òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orí òdo ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nígbà tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ọ̀nà tí àwa ń gbà dán an wò rèé: odindi àpò omi inú ọ̀rá, èyí tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá 20 ló wà nínú rẹ̀, ìdajì lítà ló sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Lítà 10 ni gbogbo rẹ̀, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ẹ gbé àpò méjì lé orí òṣùwọ̀n. Bí ó bá sọ nǹkan bíi kílò 20, ẹ lè gbà á gbọ́. Bí ó bá sọ 24, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rá inú àpò náà kó pé 20, torí pé ọmọ Èkó ni wá, a mọ ara wa.

Ẹni tó fẹ́ gun òṣùwọ̀n kó bọ́ bàtà, kó bọ́ agbádá, kó yọ fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti pọ́ọ̀sì sílẹ̀. Àárọ̀ kí a tó jẹun, lẹ́yìn tí a bá ti tọ̀, ni àkókò tó dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan náà, àsìkò kan náà, lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Gíga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bu mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá bi ọkùnrin Èkó bí ó ṣe ga tó, yóò fi íǹṣì méjì kún un kó tó dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ kó fara ti ògiri láìwọ bàtà, kí gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn orí kan ògiri bí ó bá ṣeé ṣe, kó sì máa wo ọ̀kánkán. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ tú gèlè. Ẹ gbé ìwé líle kan lé orí rẹ̀ kó dúró gbọnrangandan sí ògiri (ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé la wí, kì í ṣe Kùránì), kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Téèpù aránṣọ ni ọ̀pọ̀ wa ní nílé, sẹ̀ǹtímítà 150 péré ló sì gùn, kò ní tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn sẹ̀ǹtímítà 100 láti ilẹ̀, ẹ sàmì sí i, kí ẹ wá wọn ìyókù láti ibẹ̀ lọ sókè. Apá sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ lò. Ẹ gbàgbé apá íǹṣì, a ti rí ohun tó fojú wa rí.

Ó wá ku ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká lo ti Alhaja wa kan tí ó ń ta tòmátò àti ata ní ọjà Mile 12, tí òun fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda pé ká lò ó, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ó wúwo ní kílò 84, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 157, ìyẹn mítà 1.57. A ó fi gíga rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 1.57 lọ́nà 1.57 jẹ́ 2.46. A ó wá fi 2.46 pín 84. Ìdáhùn rẹ̀ ni 34.1. BMI Alhaja nìyẹn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà kó mú fóònù rẹ̀, kó tẹ 84, kó fi 1.57 pín in, kó tún fi 1.57 pín èyí tó bá jáde. Ibì kan náà ni yóò já sí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn sọ 1.57 di ìlọ́po méjì dípò kó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Alhaja, yóò di 3.14, òǹkà rẹ̀ yóò sì já sí 26.8. Á ti fi ìdùnnú tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé.

Ohun tí òǹkà náà ń sọ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ló pààlà rẹ̀ báyìí fún àgbàlagbà. Ẹni tí òǹkà rẹ̀ kò bá tó 18.5 ti rù jù. Láti 18.5 dé 24.9 ni ó dára. Láti 25 dé 29.9, ara ti ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 30 sókè, ó ti di àsanjù, èyí tí àwọn dókítà kà sí àìsàn fúnra rẹ̀. Bí ó bá kọjá 35 tàbí 40, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ewu wo? Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn, àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan. Èyí tí gbogbo wa sì ń fojú rí nínú mọ́sáláṣí ni ti orúnkún. Ẹ wo bí àga ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ní sáàfù àwọn obìnrin. Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kílò tí orúnkún ń gbé lójoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Alhaja wa yìí kò tíì pé ọdún 55, ọdún kẹta rẹ̀ sì rèé tí kò lè foríkanlẹ̀.

Nígbà tí a ka òǹkà rẹ̀ fún un, ẹ̀rín ló fi dá wa lóhùn. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n rù kí wọ́n ní ọkọ mi kò bọ́ mi ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ. Láàárín wa, ẹni tó bá sanra ni a ń kí pé ayé ń gbà á. Ẹni tó bá fọn díẹ̀, ìbéèrè ò ní tán: "Ṣé kò sí o? Kí ló ń ṣe ọ́?" Ikùn ńlá lára ọkùnrin, a ní owó ló wà níbẹ̀. Káfíńtà wa tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá gba káàdì rẹ̀ gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ febi pa ara rẹ̀. Alhaja tí káàdì rẹ̀ tọ̀nà fi tirẹ̀ ṣe àwàdà. Èyí ló dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ni pé a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà: 158 lórí 96. A kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi ṣèlérí pé òun á mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ń fún un lóògùn báyìí.

Fún obìnrin tó ga bíi tirẹ̀, kílò 46 sí 61 ni ààyè tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kó fi gíga rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kó mú ohun tó bá jáde lọ́nà 18.5, kó tún mú un lọ́nà 24.9. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ẹni tó wúwo ní kílò 84 pé 61 ni kó dé, yóò kàn pa ìwé náà dé ni. Kò pọn dandan. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 tẹ̀ lé àwọn tí ṣúgà ara wọn ti ń ga sókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kù lára bí wọ́n ṣe wúwo, kí wọ́n sì máa rìn fún wákàtí méjì àbọ̀ lọ́sẹ̀. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá 7 nínú kílò 84 kò ju kílò 6 lọ. BMI Alhaja yóò ṣì jẹ́ 31.6 nígbà náà, káàdì á ṣì máa pè é ní àsanjù, ara rẹ̀ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí jàǹfààní rẹ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, kílò 2 ti lọ nínú mẹ́fà náà.

Àwọn tí òǹkà yìí kò bá mu

Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ ronú kan ìṣirò yìí. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, Adolphe Quetelet, ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1830. Kò wá ẹni tó sanra. Bí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí lápapọ̀ ló ń wá. Ní 1972 ni Ancel Keys ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, lẹ́yìn tí wọ́n wọn àwọn ọkùnrin tó lé ní 7,000 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin la wí. Ohun tí a fi ń wo ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, a kàn ń yá a lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nítorí pé kò náni lówó ni.

Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ẹ wo àwọn alábàárù Mile 12 tó ń gbé àpò iṣu láti ìdájí. Ọ̀kan nínú wọn lè ní 26 tàbí 27 kó má sì sí ọ̀rá lára rẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí ó ṣe wúwo kó tó lóyún ni dókítà yóò béèrè. Àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, ìwé tiwọn yàtọ̀, èyí tó ń wo ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, nítorí náà ẹ má ṣe fi 25 dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà wa máa ń kúrú sí i, iṣan wọn sì máa ń dín kù, kí òǹkà wọn má sì yí padà. Ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ikùn rẹ̀ wú nítorí àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, omi ni òṣùwọ̀n ń wọ̀n lára rẹ̀.

A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ 18.5. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wa lọ́jọ́ náà tí tirẹ̀ jẹ́ 17.8, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìn ín pé lẹ́pa ni. Bí ènìyàn bá ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí ara rẹ̀ sì le, kò burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ń tóbi síni lára láìjẹ́ pé a dín oúnjẹ kù, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Bí ikọ́ bá wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikọ́ ife ló kàn, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Èyí tó wá yà wá lẹ́nu jù ni ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ dáńfó. Kílò 70, mítà 1.70. BMI rẹ̀ jẹ́ 24.2, káàdì tirẹ̀ tọ́, ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ nìkan ló ṣáájú rẹ̀ wọlé. A mú téèpù, a wọn ìbàdí rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 101. Ó jiyàn, ó ní ṣòkòtò 36 lòún ń wọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ abẹ́ ikùn ló ń so ó sí.

Ibi tí a ti ń wọn ìbàdí wà láàárín eegun ìhà tó kẹ́yìn àti orí eegun ìdí, lára ẹran ara, kì í ṣe lórí aṣọ, lẹ́yìn tí a bá ti mí síta. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga ẹni. Bàbá ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 85. Ó ti fi 16 kọjá. Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, léwu ju èyí tó wà ní ìdí àti itan lọ, torí pé ó máa ń dí omi ara tó ń darí ṣúgà lọ́wọ́. A ní kó lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kó tó jẹun. 148 ni àkọ́kọ́, 139 ni èkejì. Láti 126 sókè lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ̀ ṣúgà ni. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé òǹkà BMI nìkan la wò ni, à bá ti kí i kú oríire.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wọn ara yín, ẹ wọn méjèèjì.

Ti oúnjẹ wa

A kò ní gùn ún. Gbogbo wa la mọ hádíìsì tó pín ikùn sí ìdá mẹ́ta fún oúnjẹ, omi àti èémí, a sì máa ń gbọ́ ọ nínú wáàsí kí wọ́n tó gbé ìrẹsì kalẹ̀. Ẹgbẹ́ wa náà jẹ̀bi. Lẹ́yìn àsàlátù, pọ́fù-pọ́fù àti mínírà ni. Nìkáhì, ìsọmọlórúkọ, fìdáù, mínírà ni. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 ṣúgà fún mílílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò onídajì lítà. Ìgò kan ṣoṣo yìí ti kó gbogbo ṣúgà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá lóòjọ́. Àwọn arábìnrin tó ń bójú tó oúnjẹ ti gbà pé omi àti èso ni wọn yóò máa gbé jáde láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀pẹ àgbékọ́ àti òroǹbó kò jìnnà sí wa, ọjà Kétu nìyẹn.

Nílé, òkèlè ni kí ẹ dín kù, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni kí ẹ fi kún un. Ní ti ìrìn, ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Kosofe láti oṣù kẹsàn-án 2022, a sì ń ráhùn títí dòní. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá, kó fi rin láti Mende jáde sí Maryland láàárọ̀, kó rìn padà nírọ̀lẹ́. Bí ó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, wákàtí méjì àbọ̀ tí ìwádìí yẹn sọ ti pé.

Gbogbo ẹ̀yin tó gba káàdì lọ́wọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn àsàlátù, pàápàá ẹ̀yin tí a kọ 5.10 àti 5.11 sí káàdì yín. Kí ẹ tó dé, ẹ má ṣe fi òǹkà tó wà níbẹ̀ yí oúnjẹ tàbí oògùn yín padà. Àpò píọ̀ wọ́tà méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n kí ẹnikẹ́ni lè dán an wò. Àwọn arábìnrin yóò wọn àwọn arábìnrin lẹ́yìn kọ́tìnì. Àbúrò wa káfíńtà ti bá wa kan pákó tí a ó fi máa wọn gíga, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín sẹ̀ǹtímítà sí i láti ilẹ̀ dé 200. Ó ní òun kò fi íǹṣì kankan sí i.